Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kì í fún ọmọ lẹ́jẹ̀

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe l'Ọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá kan dìde, ó ní òòyì kọ́ ọmọ òun lórí ìlà láàárọ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kí n tó la ẹnu, bàbá kan tó jókòó níwájú ti dá a lóhùn: "Ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára ẹ̀. Ẹ ra mọ́ọ̀tì, ẹ da mílíìkì inú agolo sí i, kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ á ti kún." Gbogbo èèyàn ń mi orí. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi náà ń mi orí! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa oúnjẹ ní Òṣogbo yìí, kò sì sí sáà kan tí ọ̀rọ̀ yìí kì í dé etí mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, kò rí bẹ́ẹ̀." Bàbá ní ọmọ mẹ́fà ni òun fi mọ́ọ̀tì tọ́. Kí làǹfààní kí n máa bá àgbà jiyàn níbẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tó sì ń gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní irin (iron) ló wà nídìí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí kò rí irin, kí ló fẹ́ rọ? Bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ tí irin kò sí nínú oúnjẹ rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò irin bíi mílígíráàmù 10 lójúmọ́. Odindi lítà wàrà màlúù kan, irin inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 1. Ẹ ṣírò ó: kí ọmọ tó rí irin ọjọ́ kan péré nínú wàrà, ó máa mu ju lítà 10 lọ. Ikùn ọmọ wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Mọ́ọ̀tì ńkọ́? Omi, ọkà báálì àti ṣúgà ni. Mo máa ń gbé ìgò rẹ̀ sórí tábìlì nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè. Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin kan kà á tán, ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, irin ọ̀hún dà?"

Èyí tó dùn mí jù ni pé mílíìkì tún ń dí irin lọ́nà. Kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, èròjà tó ń mú eegun le, kì í jẹ́ kí irin tó wà nínú oúnjẹ mìíràn ráyè wọ ara dáadáa. Tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kó mu mílíìkì lé e, kí èyí tó pọ̀ nínú irin ẹ̀wà yẹn bá ìgbẹ́ lọ.

Ọmọ tèmi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní 2013, ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ń bu ìrẹsì tútù jẹ nínú àpò, mo sì máa ń bá ṣọ́ọ̀kì tó ti gé jẹ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí àgbọn. Ìyá ọkọ mi ra páálí mọ́ọ̀tì kan l'Ọ́jà Ọba, èmi ra mílíìkì, torí èmi náà gbà á gbọ́ nígbà yẹn. PCV rẹ̀, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 26 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí a ti wà nídìí páálí kejì, ó di 24.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló jẹ láàárọ̀. Mo ní búrẹ́dì àti tíì onímílíìkì. Lọ́sàn-án ńkọ́? Ẹ̀bà àti ọbẹ̀, ó sì fi mọ́ọ̀tì onímílíìkì lé e. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń tilẹ̀kùn mọ́ irin síta." Ó fún un ní oògùn aràn, torí aràn kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ó sì fún un ní oògùn irin olómi tó máa lò fún oṣù mẹ́ta. Ó kìlọ̀ fún mi pé omi ọsàn ni kí n máa fi fún un, kì í ṣe mílíìkì, torí fítámì C inú ọsàn ló ń ṣílẹ̀kùn fún irin. Oògùn irin yẹn mú kí ìgbẹ́ ọmọ dúdú bí èédú, ìyá ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ da oògùn náà nù. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń ra ẹ̀dọ̀ ní ọjà Ìgbọ̀nà, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi ìrẹsì tútù sílẹ̀ láìjẹ pé ẹnikẹ́ni nà án. Oṣù kejì, PCV di 33.

Wọ́n á ní ojú ọmọ máa ń là tó bá ti mu mọ́ọ̀tì. Ṣúgà ni. Wọ́n á ní ó jọ ẹ̀jẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ń po tòmátò inú agolo mọ́ ọn. Epo pupa náà pọ́n. Mo gbà pé mílíìkì dára fún eegun, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi irin kún mílíìkì oníyẹ̀fun wọn. Tí irin bá wà níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sára agolo.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ̀jẹ̀ 68 ni kò tó. Irin nìkan kọ́ ló fà á, ibà wà níbẹ̀, aràn wà níbẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí a tó ra ohunkóhun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń dé kíláàsì wa. Wọ́n lè ka ìsọ̀rí oúnjẹ, "afúnnilókun, amúnidàgbà, aṣaralóore" bí orin, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀ ló ń di ẹ̀jẹ̀, mọ́ọ̀tì ni wọ́n á dárúkọ. Nígbà tí ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ O'MEALS bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2012, àwọn ọmọ rí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ọsàn nínú àwo. Ìdí tí ọsàn fi bá ẹ̀wà rìn ló yẹ ká máa kọ́ wọn.

Ìyá ọjọ́ yẹn wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, PCV rẹ̀ jẹ́ 23, wọ́n sì ti fún un ní oògùn. Ìyá náà ní, "Àǹtí, mo ti ra páálí mọ́ọ̀tì o, kí ni kí n wá ṣe sí i?" Mo ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ọsàn.