Wọ́n Ní Ká Má Yin Nọ́káòtù Nínú Ìlú, Wọ́n Wá Ń Tà Á Lẹ́yìn Ìlú

Ó ti sú mi! Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Keje, tí wọ́n ń ṣọdún òmìnira Amẹ́ríkà, títí di aago méjì òru, wọn ò jẹ́ ká sùn ládùúgbò wa ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas níbí. Gbàù! Gbàù! Fèrèsé ń gbọ̀n. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó so ìró mọ́ àyà, ó ní, "Ṣé ogun ti dé ibí ni?" Ọmọ mi kékeré ti wọ abẹ́ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti dé ibi iṣẹ́.

Kì í kúkú ṣe pé kò sí òfin. Nínú ìlú Houston, kéèyàn kàn ní nọ́káòtù lọ́wọ́ pàápàá, èèwọ̀ ni. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,000 dọ́là. Àmọ́ ẹ wakọ̀ kọjá ààlà ìlú díẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n pa àgọ́ sí etí títì, tí wọ́n ń tà á wìtìwìtì. Òfin ìpínlẹ̀ Texas ló fún wọn láyè, láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje, àti láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìíní ọdún. Ọmọ ọdún 16 lè rà á! Ẹni tó rà á kún búùtù, ṣé inú igbó ló máa lọ yìn ín sí ni? Iwájú ilé wa ló ń gbé e bọ̀.

Òfin Texas yìí kan náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìn ín láàárín 600 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé. Ilé téèyàn ń sùn ńkọ́? Àbí àwa ò létí ni?

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká pè. Wọ́n ní ilé wo ni wọ́n ti ń yìn ín. Ilé wo? Gbogbo òpópónà ni! Mo jáde lọ bẹ aládùúgbò mi, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà ni. Irọ́ ni! Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń dán an wò kí ọjọ́ náà tó pé, ọdún tuntun náà sì ń bọ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà wà nínú wọn o, mi ò ní parọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá igi rókẹ́ẹ̀tì tó jó dé ìdajì lórí mọ́tò mi. Ó ti jó ọ̀dà ibẹ̀ dúdú. Ta ló máa san án?

Ìyá mi ti ní kí n bá òun wá tíkẹ́ẹ̀tì, òun fẹ́ wà nílé òun kó tó di oṣù Kejìlá.