Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ la sábà máa ń pa òwe yìí fún, kó lè lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ tọkọtaya, a máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ la máa ń pè ní onísùúrù. Èmi gbà pé inú yàrá tọkọtaya gan-an ni òwe náà ti wúlò jù, fíìmù Japan kan ló sì là mí lójú sí i.

Meshi ni orúkọ rẹ̀. Ìrẹsì sísè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ń fi pe oúnjẹ. Mikio Naruse ló darí rẹ̀ ní 1951. Setsuko Hara ló ṣe Michiyo, ìyàwó ilé ní Osaka. Hatsunosuke ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ jókòó ti tábìlì, ó gbé ìwé ìròyìn bojú. Ìyàwó wà nídìí oúnjẹ. Nínú ọkàn ló ti ń sọ fún wa pé gbogbo ọjọ́ 365 inú ọdún, àárọ̀ kan náà ni, alẹ́ kan náà ni. Ó ń rò ó bóyá láàárín ilé ìdáná àti ibi ìjẹun ni obìnrin máa ń gbó sí, tí á sì kú sí. Àwa tí à ń wò ó gbọ́. Ọkọ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kò gbọ́. Ebi ń pa mí, èyí lọkọ mọ̀ ọ́n sọ.

Hatsunosuke kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn. Tí ọkọ bá ń na ìyàwó, ẹbí á rí ẹjọ́ dá. Tí kò bá fún un lówó oúnjẹ, ó ṣeé fi sùn. Kí wá ni obìnrin fẹ́ sọ nígbà tó jẹ́ pé ọkọ ò ṣe nǹkan kan? Ó ń wọlé, ó ń jẹun, ó ń sùn. Wọ́n á ní kí ló tún ń fẹ́. Kò ní mọ èsì tó máa fọ̀, á dákẹ́. Tara rẹ̀ náà á bá a dákẹ́: ẹ̀rín rẹ̀, ara rẹ̀ tó ń fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ìbátan ọkọ sá wá bá wọn láti Tokyo, tí ọkọ ń bá a ṣàwàdà, Michiyo rí i pé ẹ̀rín ò kúkú tán lẹ́nu ọkọ òun. Ọ̀dọ̀ òun ni kì í dé. Ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Tokyo. Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí ọkọ, tí kò fi í ránṣẹ́. Ọkọ wá bá a lọ́hùn-ún, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Bí ọkọ ṣe sùn lọ, ó fa lẹ́tà náà ya, ó sì dà á síta láti ojú fèrèsé.

Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ìrẹ́pọ̀. Ó dùn mí ní tèmi. Fumiko Hayashi, tó kọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, kú ní oṣù kẹfà 1951 láì parí rẹ̀. Àwọn tó kọ eré ló wá ìparí fún un. Nítorí náà mi ò gbà pé dandan ni kí lẹ́tà yẹn ya.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má ya tiyín. Kò pọn dandan kó gùn. "Àárò yín ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la jọ wà" ti tó. Ẹ̀yin ọkọ, lálẹ́ òní, tí ẹ bá ti ní ebi ń pa yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wojú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í pé: ìwọ náà ńkọ́, ebi kí ló ń pa ọ́?