Ẹ Pa Branch Yín Rẹ́, Ẹ Jọ̀ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà inú kóòdù, ṣiṣẹ́, kí ló dé tí ẹ kì í pa branch (ẹ̀ka iṣẹ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀) rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti merge rẹ̀ tán, ìyẹn ni pé ẹ ti dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ yòókù? Mo ṣí repo wa, ibi tí kóòdù wa wà, láàárọ̀ yìí, mo rí àwọn branch tó ń jẹ́ "fix", "fix2", "fix-tuntun", "fix-eyi-gangan". Èwo ni gangan nínú wọn? Ẹni tó dá wọn sílẹ̀ pàápàá ò lè sọ.

Branch ò wúwo nínú Git. Àmì lásán ni, tó ń tọ́ka sí commit kan (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ti fi pamọ́), ìdí nìyẹn tí dídá a fi ń yá. Àmọ́ pípa á rẹ́ náà ò ju ìlà kan lọ: git branch -d. Bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ò bá tíì wọlé níbòmíì, Git fúnra rẹ̀ á kọ̀. Ẹ̀rù kí ló wá ń bà yín?

Àwọn tó tún ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń jókòó ti branch kan fún oṣù mẹ́ta láìfa main, branch tí gbogbo wa jọ ń lò, wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dà á pọ̀, conflict, ìyẹn ibi tí àyípadà wọn àti ti ẹlòmíì ti takora, á ya bo fáìlì bí eéṣú. Wọ́n á kàn mú tiwọn nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíì á sì pòórá. Ẹ bi wọ́n wò: "Ẹ̀gbọ́n, Git ló ṣe é o."

Git wo?