Èsì ìyàwó kì í ṣe èsì ọkọ

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá bàbá kan níta ilé ìwòsàn aláboyún. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú ilé fún àyẹ̀wò HIV. Òun jókòó sórí ọ̀kadà, ó ń tẹ fóònù. Nọ́ọ̀sì ní kó wọlé wá ṣe tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Bí tìyàwó mi bá ti dáa, tèmi náà dáa nìyẹn."

Ta ló parọ́ yìí fún wa? Tọkọtaya lè jọ máa sùn fún ọdún púpọ̀, kí kòkòrò HIV wà lára ọ̀kan, kó má sí lára èkejì. Aláboyún tí èsì rẹ̀ dáa lónìí sì lè kó o lára ọkọ nígbà tó bá ń fọ́mọ lọ́yàn, kọ́mọ náà kó o nínú wàrà.

Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa nítorí HIV pé: "Kó ara rẹ níjàánu, fa sípù rẹ sókè." Ìmọ̀ràn gidi ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ ìyàwó ilé tó ti fa tirẹ̀ sókè látọjọ́ ìgbéyàwó ńkọ́, ta ló ń bá a fa tọkọ? Ẹni tí kò jẹ kòkòrò là ń sọ fún.

Mo mọ arábìnrin kan tó lọ ṣàyẹ̀wò nítorí oyún. Nígbà tó sọ èsì fún ọkọ, ìyá ọkọ ní ìyàwó ló kó àrùn wọlé, wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Dòní, ọkọ náà ò tíì ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n sọ di ẹni tó kó o wá! Ta ló máa rí ìyẹn tí yóò tún na ìka fún nọ́ọ̀sì?

August 1997 ni Olikoye Ransome-Kuti, dókítà tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, sọ fún àwọn oníròyìn pé Éèdì ló pa Fela àbúrò òun. Kò fi bò. Ìwọ tó ń fi bò lónìí, kí lò ń ṣọ́?

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà mọ́ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi oògùn pamọ́ sínú gààrí kí ìyá ọkọ má baà rí i, ṣé yóò lè lò ó déédéé? Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin wòlíì tó ní kí wọ́n da oògùn nù, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn yín. Bàbá orí ọ̀kadà, sọ̀ kalẹ̀. Ìka ni wọ́n fẹ́ gún, kì í ṣe ọrùn.