Ta Ló Ní Kí Wọ́n Wá Ojú Mìíràn fún Thor?

Wọ́n tún ti ṣe é! Mo jókòó ti fíìmù akọni apá kejì lálẹ́ àná, gúgúrú lọ́wọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkùnrin tó kọ́gbọ́n ní apá kìíní fi tún di òmùgọ̀. Ṣé wọ́n fi ọṣẹ fọ ọpọlọ rẹ̀ ni?

Ẹ wo Thor, akọni inú fíìmù tó ń fi òòlù jà, tó sì jẹ́ ọmọ ọba. Nínú Thor: Ragnarok ti 2017, bàbá rẹ̀ kú, òòlù rẹ̀ fọ́ túútúú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fọ́ ojú rẹ̀ kan. Ó wá yé e pé agbára òun kò sí nínú òòlù. Mo pàtẹ́wọ́! Nígbà tó di fíìmù ti 2018, Rocket, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, fa ojú mìíràn yọ, ó ní kó fi sí i. Ojú o! Bí ẹni ń pààrọ̀ bọ́tìnnì! Òòlù ńkọ́? Wọ́n rọ àáké fún un. Oyè ọba ńkọ́? Nínú fíìmù ti 2019 ó gbé e fún Valkyrie, jagunjagun obìnrin kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni mo wá sunkún lé lórí?

Tony Stark, akọni mìíràn tó ń wọ ẹ̀wù irin jà, fọ́ àwọn ẹ̀wù náà lójú olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìparí Iron Man 3. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti tún wọ òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àwọn tiwa yìí, ejò kan náà ni wọ́n ń fọwọ́ pa lórí láti apá kìíní dé apá kẹrin!

Ẹ gba gúgúrú yín. Mo ń lọ sùn.