Ẹ Túmọ̀ Béèlì fún Àwọn Ẹbí

Bí adájọ́ májísíréètì bá fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, pẹ̀lú onídùúró kan ní iye kan náà, ohun tí ìyá tó jókòó lẹ́yìn kóòtù máa ń gbọ́ ni pé kí òun lọ wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi bí kóòtù bá dìídì pàṣẹ pé kí wọ́n kó owó sílẹ̀, ìwé ni onídùúró máa tọwọ́ bọ̀: bí olùjẹ́jọ́ bá sá, òun ló máa san án. Bó bá ń yọjú títí ẹjọ́ fi parí, ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀.

Àìmọ èyí ló ń mú kí ẹbí fi oko kòkó dógò, kí wọ́n sì kó owó náà lé alárinà kan lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù.

A ò dá wọn lẹ́bi. Ògbufọ̀ máa ń ka ẹ̀sùn sí olùjẹ́jọ́ létí ní Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá kan béèlì, òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń sọ ọ́ kíákíá, akọ̀wé á kó fáìlì, wọ́n á pe ẹjọ́ mìíràn. Ohun tí a ń bẹ ẹ̀ka ìdájọ́ Èkìtì fún ò ṣòro: kí ògbufọ̀ yẹn náà jókòó ti ẹbí, kó ṣàlàyé irú onídùúró tí kóòtù fẹ́, ìwé tó máa mú wá, owó ìwé ìbúra tó ní rìsíìtì, àti pé bí ohun tí kóòtù ní kí wọ́n mú wá fún béèlì bá le jù, agbẹjọ́rò lè bẹ kóòtù kó dẹ̀ ẹ́, tàbí kó gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, torí irú wọn ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá Legal Aid Council sílẹ̀, àjọ tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní èyí á jẹ́ kí ọ̀daràn ráyè sá. Àlàyé ò kúkú dín onídùúró kù.

Ti àgọ́ ọlọ́pàá ló burú jù. Ọ̀fẹ́ ni béèlì níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọn ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri, lédè òyìnbó. Abẹ́ ògiri yẹn náà ni wọ́n ti ń ní kí ẹbí "wá nǹkan". Abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n gbé afurasí dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ìlú wo l'Èkìtì ló jìnnà sí kóòtù tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ṣì ń lé obìnrin padà pé kò lè ṣe onídùúró, bẹ́ẹ̀ òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti fòfin de irú ẹ̀. Ìyá tó fi owó gàrí kọ́lé sí Adó, kí ló kù tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ ẹ̀?

Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la: kí wọ́n kọ "Ọ̀fẹ́ ni béèlì" gàdàgbà ní Yorùbá sí gbogbo àgọ́, kí nọ́ńbà tí ẹbí lè pè wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó máa gbé e sì gbọ́ Èkìtì.