Ọwọ́ Jésù inú àwòrán kì í ṣe àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pín in kiri lórí WhatsApp: àwòrán Jésù tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ìka méjì nà ṣánṣán, àwọn yòókù ká wọlé. Wọ́n á fi pupa yí ọwọ́ náà ká, wọ́n á gbé àwòrán ewúrẹ́ abìyẹ́ kan tó gbé ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ pé: "Àmì Illuminati rèé o, ẹ yọ ọ́ kúrò nílé yín." Àwọn tó gbà á gbọ́ kì í ṣe òpè. Àwọn oníwàásù ń fi ṣe ìwàásù, àwọn ọmọ sì ń torí ẹ̀ dáná sun àwòrán tí ìyá wọn gbé kọ́ sí pálọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dùn mí, nítorí irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí wọn. Ewúrẹ́ abìyẹ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Baphomet, ọwọ́ ará Faransé kan tó ń jẹ́ Éliphas Lévi ló ti jáde, láàárín 1854 sí 1856. Illuminati fúnra rẹ̀, ọdún 1776 ni Adam Weishaupt dá a sílẹ̀ ní Bavaria, ní Jámánì; kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ibẹ̀ fi òfin dè é. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn mọ́ńkì Saint Catherine, nísàlẹ̀ Òkè Sínáì ní Íjíbítì, àwòrán Jésù kan wà tí wọ́n fi ìda yíyọ́ kùn sára pákó ní ọ̀rúndún kẹfà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di Ìwé Ìhìnrere mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà níwájú àyà, ó ń súre. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí ọwọ́ yẹn ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Illuminati. Ta ló wá wo ti ta kọ?

Ibi tí Lévi ti rí ọwọ́ náà kò ṣòro láti mọ̀. Kó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, Alphonse Louis Constant ló ń jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Paris ló sì ti jáde. Wọ́n ti fi í joyè díákónì ní 1835 kó tó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń rí lórí pẹpẹ ló gbé fún ewúrẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ náà tiẹ̀ dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní ọ̀rúndún kejì, Apuleius, ọmọ Madauros ní ilẹ̀ tó di Àlùjíríà lónìí, kọ ìtàn ọkùnrin kan tó fẹ́ pa ìtàn níbi àsè. Ọkùnrin náà fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ ró, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ká ìka méjì tó kángun, ó na àwọn yòókù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ohun tí ọwọ́ yẹn ń sọ ni pé: ẹ gbọ́ mi o, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni Jésù, kí wá ni ayàwòrán ì bá fún un bí kò ṣe ọwọ́ asọ̀rọ̀? Ẹ wo áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì tí Leonardo da Vinci yà, tó wà ní Uffizi, ilé àwòrán kan ní Florence: òdòdó lílì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ síwájú Màríà. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an ló ń jẹ́.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀rọ̀ di ọwọ́ ìbùkún, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Àwọn Kátólíìkì na ìka mẹ́ta nítorí Mẹ́talọ́kan. Àwọn ti Gíríìkì ń fi ìka kọ orúkọ: ìka ìfábẹ̀lá tó nà ni I, ìka àárín tó tẹ̀ díẹ̀ ni C, àtàǹpàkò tó dábùú ìka òrùka ni X, ìka tó kéré jù tó tẹ̀ ni C kejì. IC XC, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nínú orúkọ Jésù àti Kristi ní èdè Gíríìkì nìyẹn.

Ní Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ ìka di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ìka méjì ni wọ́n fi ń ṣe àmì àgbélébùú níbẹ̀, nítorí pé Jésù jẹ́ Ọlọ́run, ó sì jẹ́ ènìyàn. Ní 1653, Nikon tó jẹ́ olórí ìjọ wọn pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìka mẹ́ta ṣe é. Ọ̀pọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dáná sun àlùfáà Avvakum, ọ̀kan nínú wọn, ní 1682. Morozova, obìnrin ọlọ́lá tí òun náà kọ̀, ebi ló pa á sínú kòtò ẹ̀wọ̀n ní 1675. Ayàwòrán Vasily Surikov yà á ní 1887, àwòrán náà fẹ̀ tó mítà mẹ́fà, ó wà ní Tretyakov, ilé àwòrán kan ní Moscow. Wọ́n ń wọ́ obìnrin náà lọ lórí yìnyín láàárín èrò, ó jókòó lórí koríko gbígbẹ, aṣọ dúdú lọ́rùn, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó gbé ìka méjì sókè kí gbogbo ayé rí i. Lápá òsì, àlùfáà kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Lápá ọ̀tún, alákìísà kan tí kò wọ bàtà jókòó sínú yìnyín, òun náà gbé ìka méjì sókè, ó fi dá a lóhùn. Àwọn èèyàn yìí kú nítorí ọwọ́ yẹn. Kí ẹnì kan wá jókòó ti fóònù rẹ̀ kó ní Sàtánì ló ni ín!

Àwọn tó ń lo àmì ló ń fún un nítumọ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé: ẹni tó rí edan Ògbóni tó di ìkúùkù méjèèjì léra, òsì lórí ọ̀tún, kò ní sọ pé ìjà ni wọ́n fẹ́ jà. Wọ́n á ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ṣì ń gbé ìka bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́. Wọ́n ń lo àgbélébùú pẹ̀lú, mi ò sì rí ìjọ tó torí ẹ̀ wó tirẹ̀ lulẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ àwòrán Jésù kankan nílé nítorí òfin kejì, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àríyànjiyàn àtijọ́ ni: ó da Byzantium, ilẹ̀ ọba àwọn Kristẹni ìlà oòrùn láyé àtijọ́, rú fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò parí títí di 843, wọ́n sì run àìmọye àwòrán. Ti Sínáì yè nítorí pé ọba Byzantium kò lágbára níbẹ̀ mọ́. Kó ṣí Ẹ́kísódù 20, ká jọ kà á, mo ṣe tán láti gbọ́ ọ. Ẹ̀sùn ti ìka ni kó fi sílẹ̀.